Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Kò Rí Mersini Gúnlẹ̀ Sí

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Zambeta ti jókòó sórí àpò rẹ̀ ní èbúté Aspro, ó kọjú sí òkun bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Afẹ́fẹ́ àríwá ló ń fẹ́. Kò tíì le, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ lọ́nà kan tí àwa tí a bí sí erékùṣù kékeré mọ̀ dáadáa: á fẹ́ díẹ̀, á dákẹ́, á tún fẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ tọ́ ilẹ̀kùn wò kó tó já a wọlé. Lọ́dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ lọba. Bó bá jẹ́ méje lórí òṣùwọ̀n, ọkọ̀ á gbéra. Bó bá fi lè di mẹ́jọ, àwọn aláṣẹ èbúté á ní kí ọkọ̀ dúró síbi tó wà. Aláìsàn á dúró ti àìsàn rẹ̀, ìyàwó tuntun á dúró de ọkọ, òkú á dúró de àlùfáà.

"Méje ni o, Màmá," ni Sarantis sọ fún un. Ewúrẹ́ ni Sarantis ń tà, ó sì ti kó wọn kún ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Méje àárọ̀ àbí méje ọ̀sán?"

"Ṣé méje náà ní àárọ̀ àti ọ̀sán ni?"

"Ó ní in. Méje àárọ̀ ló máa ń bí mẹ́jọ ọ̀sán."

Sarantis bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin obìnrin Mersini yìí! Kí aláìsàn tó wúkọ́ lẹ ti ń sunkún òkú."

Obìnrin Mersini ni lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Aspro ló ti gbó. Ọmọge ni nígbà tí Stratis apẹja fi ọkọ̀ rẹ̀ kékeré gbé e sọdá, tòun ti àpótí aṣọ àti abo ewúrẹ́ kan, ó sì bì láti èbúté dé èbúté, débi pé ìyá ọkọ rẹ̀ rò pé oyún ló gbé wálé. Stratis ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Australia, ó ń fi àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn ọmọ náà kò sì gbọ́ èdè ìyá-ìyá wọn. Zambeta ń sin adìyẹ, ó ń ṣe wàràkàṣì, òun ló ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run tó wà létí omi. Òkun tí ó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò fọkàn tán an rí. Kò mọ odò wẹ̀. Bó bá wọ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó, yóò sì di ọwọ́ àga mú títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀.

Nítorí Flora ló ṣe ń wọ ọkọ̀. Flora ni àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí. Flora dúró sí Mersini, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó di opó níbẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilé Zambeta, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ènìyàn lè rí Mersini lókèèrè bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó dùbúlẹ̀ sínú omi. Ní alaalẹ́ ni wọ́n máa ń pe ara wọn lórí fóònù láti sọ ohun tí wọ́n sè. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú Flora, wọ́n ṣì ń sọ ohun tí wọ́n sè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Flora kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín, afẹ́fẹ́ le kọjá kí ọkọ̀ kankan gbéra. Zambeta dúró lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ń wo apá ibi tí Mersini wà. Ìkùukùu omi ti bò ó. Kò rí nǹkan kan.

Ilẹ̀ tí ó ṣeé gbẹ́ ṣọ̀wọ́n ní àwọn erékùṣù wa. Òkú kì í ni ibojì, ó ń yá a ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a ó hú u. Obìnrin tó bá sún mọ́ ọn jù nínú ẹbí yóò fi wáìnì pupa wẹ eegun rẹ̀, yóò kó o sínú àpótí kékeré, a ó sì gbé e lọ sí ilé eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti lọ ṣáájú. Gbogbo abúlé ló máa ń wá wò. Eegun tó bá pọ́n bí oyin, wọ́n á ní ọkàn olóògbé ti rí ìsinmi. Èyí tó bá dúdú, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ọ̀rọ̀ ti dé ilé gbogbo: kí ni obìnrin yẹn ṣe láyé rẹ̀ ná?

Ohun tó ń ba Zambeta lẹ́rù gan-an nìyẹn. Oògùn tí wọ́n fún Flora ní ìgbà àìsàn rẹ̀ pọ̀, àwọn ènìyàn wa sì gbà pé oògùn jẹjẹrẹ máa ń sọ eegun di dúdú. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Flora náà ti gbọ́ ọ. Ní ọ̀kan nínú àwọn alẹ́ ìkẹyìn, ó sọ lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ hú mi o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò mí." Zambeta ní òun ti gbọ́.

Ní àná ọjọ́ tí mo ń sọ yìí ni Baba Nikitas kú ní Mersini, ibojì tí ó sì kàn láti ṣí ni ti Flora. Drita, ìyàwó ọmọ Flora, ló pè. Pantelis ọkọ rẹ̀ jẹ́ atukọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń kó epo rọ̀bì, kò sẹ́ni tó mọ agbami tó wà.

"Màmá, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa ṣí i, kí wọ́n lè sin Baba Nikitas nírọ̀lẹ́."

"Kí wọ́n dúró dè mí."

"Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá dé, àwọn á dúró. Bí kò bá dé, òkú tuntun ò lè dúró."

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìwọ náà, ṣé o gbọ́? Kí ìwọ náà má fọwọ́ kàn án."

Drita ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Ọmọ Albania ni Drita. Mùsùlùmí ni àwọn òbí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì í bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ níwájú Zambeta, yóò ní, "Omi orí rẹ̀ ò tíì gbẹ." Kò sì sí ohun tí Drita ṣe fún un. Ó kàn jẹ́ pé ó wà nínú ilé Flora, ní ibi tí Zambeta ìbá wà bí kò bá sí omi láàárín.

Ọkọ̀ wa, Thekla, dé pẹ̀lú èéfín dúdú. Ìdí ni ọkọ̀ wa fi ń wọ èbúté, bí àgbà tó fẹ́ jókòó sórí àpótí: yóò ju ìdákọ̀ró síwájú, yóò fẹ̀yìn rìn, yóò sì ti ẹ̀yìn sọ ilẹ̀kùn irin ńlá kan kalẹ̀ sórí èbúté. Manthos, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń pariwo kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́.

"Ẹ yára! Ẹ yára! Sarantis, kó àwọn àǹtí rẹ wọlé!"

"Bí wọ́n bá jẹ́ àǹtí mi, ìyá ẹ ni wọ́n," ni Sarantis dáhùn, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú igbe ewúrẹ́.

Zambeta fi apá kan gbé àpò rẹ̀, wáìnì àti aṣọ funfun tuntun wà nínú rẹ̀. Apá kejì gbé abọ́ àlìkámà sísè tí wọ́n fi ṣúgà bò, èyí tí a máa ń pín fún ènìyàn nítorí òkú. Manthos fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fún un.

"Ṣé ọkọ̀ á gúnlẹ̀ ní Mersini?"

"Ọ̀gá ọkọ̀ á gbìyànjú, Màmá."

Lórí ọkọ̀ wa, kò sí ọ̀rọ̀ tó burú tó yẹn. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ á gúnlẹ̀, o lè sùn. Bí wọ́n bá ní kò ní gúnlẹ̀, o lè bínú kó o sì padà sílé. Ṣùgbọ́n "á gbìyànjú" máa ń jókòó tì ọ́ ní gbogbo ọ̀nà.

Bí a ṣe kúrò lẹ́yìn orí ilẹ̀ Aspro ni ìgbì mú wa. Àwọn kọ́ọ̀bù kọfí yọ̀ kúrò lórí tábìlì. Obìnrin kan ń bì sínú ọ̀rá, ọkọ rẹ̀ gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú, òun náà sì ń gbé itọ́ mì. Zambeta jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, abọ́ àlìkámà wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń fi ojú wọn ìgbì bí ẹni tó ń wo ẹnu olùdánwò. Nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá dún, yóò gbé orí sókè. Ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ nípa wíwọ bàtà tó dúró lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ní kí ẹni tó ni ajá pupa wá mú un.

"Màmá, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀," ni Sarantis wí.

"Bí mo bá yanu, ọkàn mi á bọ́ síta."

Bí Mersini ṣe yọ, òun ló kọ́kọ́ dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń kó mọ́tò sí, a sì tẹ̀lé e, nítorí pé ní irú ojú ọjọ́ yìí ilẹ̀kùn kì í ṣí pẹ́. Ẹni tó bá ṣì wà lórí àtẹ̀gùn ti di èrò erékùṣù mìíràn nìyẹn. A dúró sínú òórùn epo àti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ṣéènì ìdákọ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í dún níwájú. Ilẹ̀kùn irin náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ìmọ́lẹ̀ wọlé, a rí èbúté Mersini: òkúta, iná pupa orí òpó, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ òjò, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè de okùn. Ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí irùngbọ̀n rẹ̀.

Wọ́n ju okùn. Ó mú un, ó fi kọ́ irin. Ọkọ̀ gbéra sókè lórí ìgbì, okùn náà nà, ó dún bí ìbọn, ó já.

"Ẹ kúrò lẹ́yìn!" ni Manthos kígbe. "Gbogbo yín, ẹ sá sẹ́yìn!"

Omi ya wọlé dé orúnkún wa. Ọkùnrin orí èbúté ti ṣubú lulẹ̀, ó dìde, ó gbọn ara, ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí wa pé kí a máa lọ. Zambeta kò rí àmì yẹn. Ó ń rìn lọ síwájú nínú omi, sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ kí n fò! Ó súnmọ́. Ẹ jẹ́ kí n fò!"

Manthos fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú láyà. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n hú ẹnì kan kí wọ́n sì sin ẹnì kejì lọ́jọ́ kan náà ni?"

"Kí ló kàn ọ́? Ṣé èmi ni mo bí ọ?"

"Bí ẹ bá bí mi, ẹ̀ bá ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu," ni Manthos wí. Kò fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀kùn irin fi gòkè padà, tí òkùnkùn sì bò wá pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́.

Nígbà tí a fi padà gòkè, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ọ́: afẹ́fẹ́ ti di mẹ́jọ. Ọkọ̀ á lọ sá pamọ́ sí ẹ̀yìn Mersini, níbi tí òkè gbé dá afẹ́fẹ́ dúró, á ju ìdákọ̀ró síbẹ̀ títí tí yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí erékùṣù tó kàn. Kò sí èbúté ní ẹ̀yìn Mersini. Àpáta ló wà níbẹ̀, ó ga bí ilé alájà mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó lè gùn ún. Lórí àpáta yẹn gan-an ni ibi ìsìnkú wọn wà.

Ìyẹn ló burú jù. Bí ọkọ̀ bá ti gbé e kọjá, ìbá kàn sunkún. Ṣùgbọ́n níbi tí a dúró sí, omi pa rọ́rọ́ bí omi inú agbada, ògiri funfun ibi ìsìnkú sì wà lókè orí wa. A ń rí igi gíga méjì tó wà níbẹ̀. A ń rí àwọn ènìyàn tó wọ dúdú, a ń rí àlùfáà, a ń rí ṣọ́bìrì tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Zambeta di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ó tẹ fóònù.

"Ìyàwó! Ṣé ò ń rí ọkọ̀?"

"Mò ń rí yín, Màmá. Ṣé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà aláwọ̀ ọsàn yẹn?"

"Èmi ni. Sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Sọ fún wọn pé mo ti dé."

"Wọ́n rí i pé ẹ ti dé, Màmá. Wọ́n tún rí i pé ẹ ò lè sọ̀ kalẹ̀." Drita tún ní, "Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé orí pákó pósí. Mo sọ fún wọn pé ẹ ti ní kí n má fọwọ́ kàn án, wọ́n wá ní Kyriakoula ló máa wẹ̀ ẹ́."

"Ta ni?"

"Kyriakoula. Ó ti ká ọwọ́ aṣọ."

Gbogbo Mersini àti ìdajì Aspro ló mọ Kyriakoula. Obìnrin tó dára ni, ó máa ń gbé oúnjẹ fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń jò bí ajere. Zambeta fi ọwọ́ kan bo ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ìyàwó, tẹ́tí sí mi. Ìwọ ni kó o wẹ̀ ẹ́."

"Àná, ẹ ní—"

"Mo mọ ohun tí mo wí lánàá. Lé gbogbo wọn jáde. Má jẹ́ kí ẹnì kankan wò ó."

"Èmi, Màmá? Àwọn àgbà wọ̀nyí? Àlejò ni wọ́n ń pè mí síbẹ̀síbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Zambeta kò dúró kó dáhùn.

"Sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kó o lé wọn. Bí wọ́n bá jiyàn, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀, kí wọ́n rí mi."

A rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ọ. Obìnrin kékeré kan bọ́ síwájú láàárín àwọn ènìyàn náà, ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mira. Obìnrin kan tó sanra, tí ó ní láti jẹ́ Kyriakoula, bọ́ síwájú tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni Drita jókòó sílẹ̀ lójijì lẹ́nu ibojì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó jókòó sórí kànga ilé rẹ̀. Ó tọ́ka sí wa. Gbogbo wọn yíjú sí òkun. Zambeta gbé ọwọ́ sókè, ó ju ọwọ́ náà síwájú bí ìgbà tí à ń lé adìyẹ: ẹ lọ, ẹ lọ, ẹ lọ.

"Ẹ lọ ná!" ni Sarantis náà kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n lè gbọ́ ọ.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jáde. Àwọn tó gbẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì wọn. Kyriakoula ló kẹ́yìn, ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó lọ. Àlùfáà nìkan ló dúró, ó kọjú sí ògiri, ó ń kọrin. Drita bọ́ sínú ibojì, a kò sì rí i mọ́.

Ó ti fi fóònù sínú àpò aṣọ láìpa á. Zambeta gbé tirẹ̀ sétí, a sì dúró yí i ká láìpe ara wa. A gbọ́ pákó tó fọ́. A gbọ́ èémí. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ omi tó ń dà, bóyá wáìnì ni, àti ohùn Drita tó ń bá Flora sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, kì í ṣe àdúrà.

"Ẹ rọra, Màmá mi. Ó ku díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó tutù. Ẹ gbé ọwọ́, ẹ jẹ́ n rí ibí yìí. Ẹ ṣé. Ó ku ẹ̀yìn."

Bẹ́ẹ̀ là ń bá aláìsàn tí à ń wẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò wẹ aláìsàn fún oṣù púpọ̀ kò lè mọ̀ ọ́n sọ. Zambeta gbọ́ ọ, ó sì rọra gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ohun tó gbóná. Ní gbogbo alẹ́ tí òun àti Flora ń sọ ohun tí wọ́n sè, ọwọ́ yìí ló wà níbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí abọ́ àlìkámà náà, ó sì ń fi ọwọ́ bù ú fún wa. A gbà á, a ní kí Ọlọ́run dárí ji Flora. Manthos gbà tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gíríìsì. Obìnrin tó ń bì náà gbà, ó jẹ ẹ́, kò sì bì í.

"Màmá." Drita ni. "Mo ti parí. Mo ti dé àpótí."

"Ṣé ẹnì kankan rí i?"

"Èmi nìkan."

Zambeta dúró. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tó kàn, àwa náà ń dúró dè é. Oyin àbí dúdú? A rí i tí ètè rẹ̀ là. Afẹ́fẹ́ nìkan là ń gbọ́ lọ́dọ̀ Drita, a sì ń gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, tó ti ń jí.

Zambeta yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa, ó gbé fóònù sí etí kejì.

"Lọ sílé, Drita. Lọ jẹ nǹkan tó gbóná. Ọwọ́ rẹ á ti tutù."

Ìdákọ̀ró gòkè. Ọkọ̀ yọ orí jáde kúrò lẹ́yìn òkè, ìgbì àkọ́kọ́ sì gbá wa. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ọkọ̀ máa lè padà sí Aspro, bóyá ọ̀la, bóyá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Sarantis kò lè pa á mọ́ra.

"Màmá, báwo ló ṣe rí?"

"Báwo ni kí ni ṣe rí?"

"Eegun náà."

"Ewúrẹ́ rẹ ń ké," ni Zambeta wí. "Lọ wò wọ́n."

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ àga mú. Ojú rẹ̀ wà lára àpáta náà títí ó fi kéré, títí omi fi bò ó. Mo mọ̀ pé ó ń béèrè ìbéèrè náà nínú ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì mọ̀ pé kò ní bi Drita láéláé.